Orúkọ Rẹ Tí Mo Ha Kúrò Lára Ògiri

Abà Ìdí-Osè,
Ọ̀nà Ìwó.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Mìsítúrà Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùm o. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Ṣé Yusrah ti ń sùn láìhúkọ́, ṣé Abdulqoyyum ti ń jẹun tán nínú àwo? Ọlọ́run Ọba tó fi òkun sáàárín wa kò ní jẹ́ kí òkun náà gba ohùn ara wa mọ́ wa létí. Òtútù ìlú yẹn kò ní wọ inú egungun rẹ. Bọ́ọ̀sì tí o bá wọ̀ yóò gbé ọ débi tí ò ń lọ. Ẹni tí o bá kí ní Peckham yóò jẹ́ ọ, ẹni tí kò bá jẹ́ ọ, ara rẹ̀ ni kò yá. Àmín. Èmi wà, ìyá rẹ náà wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ kò tíì rọ, o ṣáà mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà yìí gùn, nítorí náà jókòó kí o tó kà á. Olùkọ́ Rahmah tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ewé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó rọra yà á kí ọ̀rọ̀ má baà já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ kì í já sílẹ̀ nínú fóònù. Síbẹ̀ mo fi nọ́ńbà sórí ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ewé kẹfà kò bá dé, pè wá.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì ti yọ dáadáa. Gbohùngbohùn tuntun tí a rà fún mọ́sálásí ti dé, ohùn rẹ̀ ń dún dé abà kejì, àwọn ará abà kejì sì ti wá bẹ Lèmọ́ọ̀mù pé kó jọ̀ọ́ kó kọ ojú rẹ̀ síbòmíràn. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ń bọ̀ níwájú, má jẹ́ kí n gbàgbé.

Ó yá, kí n bọ́ sórí ohun tó mú mi jókòó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ padà fún ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù ní oṣù méjì sẹ́yìn, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi, torí lọ́jọ́ yẹn ìwọ ń sunkún, ìyá rẹ ń sunkún, iná fóònù Rahmah sì fẹ́ tán. O ní yàrá méjì tí ìwọ àti àwọn ọmọ ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, nǹkan dúdú kan ń hù lára ògiri rẹ̀, bí o bá nù ún lónìí á tún hù lọ́la, òun ló sì kó ikọ́ bá Yusrah. O ní o sọ fún onílé títí, kò tún un ṣe. O wá lọ fi ẹjọ́ sun káńsù, káńsù kọ̀wé sí onílé, inú wá bí i, ó ní ìwọ lo ba ògiri òun jẹ́, pé ooru ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ló ń rin ín, ó sì ti gbé ọ lọ sí kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n lé ọ jáde. Níbi tí o sọ ọ́ dé yìí, mo ní kí Rahmah bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo rò pé fóònù ló ń ṣì í sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, n kò tíì rí ilé tí ọbẹ̀ wó. Ilé ìdáná ìyá mi dúdú bí inú ìkòkò, ó sì wà ní ìdúró títí dòní.

O wá ní o ti rí lọ́yà kan, Bernice ni orúkọ rẹ̀. Mo ní owó rẹ̀ ńkọ́? O ní o kò ní san nǹkan kan, pé owó kan wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní legal aid, òun ni wọ́n fi ń san owó lọ́yà fún ẹni tí kò ní, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ lé e kúrò nínú ilé. Mìsítúrà, n kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Kí ló kan ìjọba nínú ìjà onílé àti ayálégbé? Mo sọ fún ìyá rẹ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ onílé ló rán lọ́yà náà wá. Mo tún rò pé lọ́yà ọ̀fẹ́ lè máà múná, torí ẹni tí a kò fún ní nǹkan, kí ni yóò máa torí rẹ̀ pariwo? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Waris, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bá mi wá ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n di èlùbọ́, irú àti àkùkọ kan sí Lọ́yà Bernice. O ní àkùkọ kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, àti pé òfin kò gbà kí lọ́yà gba ẹ̀bùn. Mo bínú díẹ̀. Mo ti so àkùkọ náà mọ́ ẹsẹ̀ àga, ìyá rẹ sì ti dágbére fún un.

Ìgbà tí Lọ́yà Bernice fúnra rẹ̀ yọjú lórí fóònù ni ọkàn mi tó balẹ̀. Mo ṣí fìlà kí i. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn mi, torí ta ni yóò gbọ́ pé lọ́yà Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ tí yóò wà lóko? Mo gbé fóònù yí gbogbo wọn ká kó lè kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kí wọn, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹsàn-án ni o sọ pé ó níye wákàtí tí ìjọba ń san fún un. Ojú tì mí. Ó ní onílé ti ní lọ́yà tirẹ̀ tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òfin, bí ìwọ bá dá dúró níwájú adájọ́, ẹnu ẹnìkan ni adájọ́ yóò gbọ́, òun ni ìjọba ṣe ya owó yẹn sọ́tọ̀, kí ẹni tí kò ní náà lè rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ní, à á, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. O túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo sì fi ojú ara mi rí i tó kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ó mọṣẹ́. Ó tún ní owó náà kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn lọ́yà tó ṣì ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ìwọ fi rìn dé Brixton, tí o rìn dé Bermondsey, tí ọ́fíìsì mẹ́ta sọ fún ọ pé ọwọ́ àwọn ti kún, kí o tó bá òun pàdé. Gbogbo ìrìn yẹn, o kò sọ ọ́ fún wa.

Kí n sọ èyí tí èmi náà kò sọ fún ọ. O rántí ilẹ̀ wa tó wà lódìkejì odò, tí ẹ̀yin ọmọ ti máa ń ṣa àgbálùmọ̀? Mo sọ fún yín pé mo tà á ni. N kò tà á. Ọkùnrin olówó kan láti ìlú ló pè mí lẹ́jọ́ lé e lórí, lọ́yà tí mo lọ bá sọ iye tí n kò lè rí láéláé, mo wá wọ agbádá mi, mo dá lọ. Adájọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí, ó sọ nǹkan kan, mo ní yes sir, torí mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù ń dáhùn. Ìgbà tí a jáde ni akọ̀wé kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ohun tí adájọ́ bi mí ni bóyá mo gbà pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ó dùn mí, Mìsítúrà. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà nígbà tí o sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ gba lọ́yà yẹn lọ́wọ́ rẹ nítorí ohun tí èmi ṣe, n kò lè jẹun.

Àbí n kò tíì dé ibẹ̀. Kí n padà sórí owó ìjọba yẹn.

O ní kí ìjọba tó san owó náà, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé o kò ní, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ọ sì nípọn. Wọ́n bi ọ́ pé èèyàn mélòó ló gbójú lé ọ, o kọ méjì. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́. Mo jókòó mo ka ara wa, láti orí èmi àti ìyá rẹ títí dé orí Ìyá Àgbà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé, a jẹ́ mẹ́tàlélógún, mo ní kí o kọ gbogbo wa síbẹ̀ kí ìjọba lè mọ irú èèyàn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. O ní àwọn tí ẹ jọ ń gbélé nìkan ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n tún bi ọ́ pé ṣé o ní dúkìá kankan nílẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ewúrẹ́. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni mo fi ewúrẹ́ kan jìn ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nílé yìí, tìrẹ ni gbogbo wọn, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, ìbejì yìí sọ wọ́n di mọ́kànlá. Mo ní ìjọba kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lọ́yà Bernice ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀.

Orí ilé tí mo kọ́ sójú ọ̀nà lọ̀rọ̀ wà. O mọ̀, èmi náà mọ̀, pé páànù nìkan ni ìwọ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, lọ́dún tó ṣáájú èyí tí bàbá àwọn ọmọ fi yín sílẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Kòkó ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ ilé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, mo wo òdìkejì ọ̀nà, mo rí ilé Àjíṣafẹ́, mo rí orúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ítálì lára rẹ̀ gàdàgbà gadagba, àárọ̀ àti alẹ́ ni Àjíṣafẹ́ ń nù ún. Mo ní ṣé èmi kò bímọ ni? Mo pe akunlé, mo ní kó kọ ILÉ ALHAJA MÌSÍTÚRÀ, LỌ́ŃDỌ̀NÙ. O kò tíì lọ Mẹ́kà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wà á lọ lọ́jọ́ kan, ọ̀dà sì wọ́n, kí ni kí n máa tún un kọ fún? Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni mo sọ fún pé ìwọ lo kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Waris ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sórí Fesibúùkù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Alhaja ti parí ilé ńlá rẹ̀, kí ẹ bá wa dúpẹ́. A dúpẹ́ lóòótọ́. Àwọn èèyàn onílé rẹ náà rí i, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń san owó lọ́yà, wọ́n ní obìnrin tó kọ́ ilé ńlá sílé ń tọrọ lọ́yà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọ́fíìsì náà fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ṣàlàyé, Lọ́yà Bernice sì ní bí wọ́n bá dá owó yẹn dúró, òun kò ní lè bá ọ dúró ní kọ́ọ̀tù.

Bí o ṣe sọ èyí tán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo mú irin pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń ha ògiri, mo gun àpótí, mo ha orúkọ rẹ kúrò. Ó gbà mí láti ìrun ọ̀sán títí di alásàrí, torí ojúlówó ọ̀dà ni mo rà. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé àpá rẹ̀ ṣì hàn. Mo wá ronú pé bí ènìyàn kò bá fẹ́ kí wọ́n ta ilé rẹ̀, ṣebí ara ògiri ló ń kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà, gbogbo ayé á sì gbà. Mo mú ọ̀dà pupa, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TI MÌSÍTÚRÀ. Mo ní kí Waris yà á, kó gbé e síbi tó gbé ti àkọ́kọ́ sí. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí yóò fẹ́ni lójú kì í fi ata sẹ́nu, ata ni mo fi sẹ́nu. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, Lèmọ́ọ̀mù àti àgbààgbà mẹ́ta ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní àwọn kò sùn. Wọ́n ní ohun yòówù kí ọmọ ṣe, kí n dárí jì í, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé tú dànù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé o ti yí ẹ̀sìn padà, ẹnìkan ní rárá, o fẹ́ ọkùnrin tí kì í wọ ṣòkòtò ni. Kí ọjọ́ tó kanrí, àwọn ẹbí ìyá rẹ ti dé láti Ìwó pẹ̀lú ẹkún. Ìyá rẹ alára, tó mọ gbogbo rẹ̀, kò dáná fún mi fún ọjọ́ méjì, ó ní àwọn kan ń bímọ, àwọn kan ń fi ọ̀dà pupa bú u. Bí mo bá ṣàlàyé fún ẹnìkan, á mi orí, á ní Sàká, ṣe sùúrù. Wọ́n ti ń bá mi kẹ́dùn rẹ, ìwọ tí o wà láàyè ní Peckham tí ò ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo rí i pé kò sí ohun tó kù ju kí n sọ òtítọ́ lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ta èké lábà yìí, wọ́n rà á tán pátá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo bẹ Lèmọ́ọ̀mù kó fún mi láyè. N kò mọ̀ pé gbohùngbohùn ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà abà kejì náà gbọ́. Mo ní èmi ni mo kọ́ ilé mi, kòkó ni mo fi kọ́ ọ, páànù nìkan ni Mìsítúrà rà. Mo ní àwòrán tó wà ní pálọ̀ mi, èyí tí o dúró síwájú ilé ńlá kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù àti òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo ti fi han gbogbo wọn pé ilé rẹ nìyẹn, ilé tí ò ń bá wọn nù ní East Dulwich ni, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ìwọ kò sọ fún mi rí pé tìrẹ ni. Èmi ni n kò béèrè. Mo ní ọmọ mi ń gbé yàrá méjì tó ń hu dúdú, ìjọba ìlú náà fi owó ìlú gba lọ́yà fún un torí pé kò ní, mo sì fẹ́ fi ẹnu mi gba lọ́yà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti jókòó.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ti múra sílẹ̀ de Àjíṣafẹ́, mo ti mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀, ó bọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ló wá bá mi. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orúnkún ìyá rẹ, ó béèrè ikọ́ Yusrah, ó jókòó títí tí oòrùn fi gun. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ló sọ pé bí mo bá ti ṣe tán pẹ̀lú irin ìhagiri yẹn, kí n yá òun lò fún ọjọ́ kan péré, pé ọ̀dà ilé òun ti ń gbó. Mo mú un fún un, n kò béèrè nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí kọ́ọ̀tù Ìwó, mo búra. Akọ̀wé ibẹ̀ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á sí mi létí lédè Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí mo sọ fún un pé n kò ní fọwọ́ sí ohun tí kò bá yé mi mọ́ láyé mi. Ohun tí mo sọ nínú rẹ̀ nìyí. Èmi Sàká, àgbẹ̀, ni mo ni ilé tó wà lójú ọ̀nà ní Abà Ìdí-Osè. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo kọ́ ọ sí. Ọmọ mi Mìsítúrà kò ní in, kò lè tà á, kò gba owó lórí rẹ̀, kò sì sùn nínú rẹ̀ rí. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìgbéraga. Akọ̀wé ní a kì í kọ ìgbéraga sínú ìwé ẹ̀rí, mo ní kó kọ ọ́. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé ewúrẹ́ mọ́kànlá ló jẹ́ tìrẹ ní tòótọ́. Mo fọwọ́ sí i, mo sì tún tẹ ìka sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀, èmi alára kò sí níbẹ̀. Rahmah yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ó ní ọ̀la ni ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, ó sì ní ní ìṣẹ́jú kan yóò ti dé Peckham, mo ṣì ní kó tètè fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ọ̀nà jìn.

Mìsítúrà, gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo ń kọ̀wé sí ọ, àgbò Iléyá ni, oògùn ni, owó kànga ni, gbohùngbohùn tó ń da abà kejì láàmú yìí, nínú owó rẹ ló wà. O kò sọ pé rárá rí. Fọ́ọ̀mù ìjọba ló wá sọ fún mi pé ọmọ mi wà lára àwọn tí kò ní. Èèyàn tí kò rí ọ rí ló béèrè lọ́wọ́ rẹ ohun tó yẹ kí bàbá rẹ ti béèrè. Má bínú sí mi. Láti òní lọ, bí mo bá béèrè pé báwo ni, má sọ fún mi pé a dúpẹ́ nìkan.

Ní ti orúnkún ìyá rẹ, dókítà ní kó máa fi ìpara kan pa á, ó sì wọ́n díẹ̀, nítorí náà bí o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́. Rárá o, má ka ìlà tó kọjá yẹn. Ọwọ́ ló ti mọ̀ ọ́n kọ, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ti ta àkùkọ Lọ́yà Bernice, òun ni a ó fi ra ìpara. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ ni àwòrán ilẹ̀kùn tìrẹ gan-an, èyí tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, kí ìwọ àti àwọn ọmọ dúró síwájú rẹ̀. Bó ti wù kó rí, n ó fi rọ́pò ti East Dulwich.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí kọ́ọ̀tù, jẹun kí o tó jáde. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́yà Bernice, jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí adájọ́ bá bi ọ́ ní ohun tí kò yé ọ, má ṣe sọ pé yes. Wo ojú lọ́yà rẹ kí o tó dáhùn. Ìlú ló rà á fún ọ, má tijú láti lò ó.

Ọlọ́run Ọba tó ń gbọ́ tẹnu ẹni tí kò lẹ́nu yóò gbọ́ tìrẹ. Ikọ́ Yusrah yóò lọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wà á máa tẹ́ ẹní, ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní gbà ọ́ tọ́jú. Ibi tí mo ti dá dúró tí n kò rí ẹni bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ kò ní dá dúró níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín tirẹ̀ náà sí i. Àmín, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàká.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ògiri ti wà lófìfo báyìí, mo ti kun funfun bo ọ̀dà pupa yẹn, ìyá rẹ sì ń bínú pé ilé dà bí orí tí wọ́n fá. Mo ti ra agolo ọ̀dà kékeré kan, owó ara mi ni mo fi rà á. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbẹ̀ ni ILÉ SÀKÁ, BÀBÁ MÌSÍTÚRÀ. Jọ̀wọ́ bá mi bi Lọ́yà Bernice bóyá ìyẹn lè pa ọ́ lára. N kò ní ṣí agolo náà títí yóò fi dáhùn.